Ẹni Tó Ń Ka Ìràwọ̀ Lábẹ́ Iná Bàbá Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé bí ìfẹ́ tòótọ́ bá dé, ọkàn ẹni á mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́ ná. Tèmi dé, ọkàn mi ò sì mọ nǹkan kan. Odindi ọdún kan ni mo fi ń rò ó síwá sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, èmi kì í ṣe ọmọdé: mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, mo ti ń ṣiṣẹ́ oníná ní káńsù fún ọdún mẹ́fà, mo sì lè dúró nísàlẹ̀ òpó kí n sọ ohun tó ń ṣe é kí n tó gbé àkàbà. Ọ̀rọ̀ òpó yé mi. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ni kò yé mi.

Ìwé méjì ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Mo bá àwọn méjèèjì lórí tábìlì mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Èkíní jẹ́ fọ́ọ̀mù ìfisùn: "Òpó kẹtàdínlógún, òpópónà etíkun. Iná rẹ̀ ò tàn lálẹ́ àná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá tún un ṣe." Èkejì jẹ́ lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta sí alága káńsù. Ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí iná òpópónà etíkun, nítorí ó ti pọ̀ débi pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ò tíì rí ìràwọ̀ mẹ́wàá pa pọ̀ rí láyé wọn. Ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ló kọ méjèèjì, orúkọ kan náà ló sì wà nísàlẹ̀ wọn.

Mo fi han akọ̀wé tó jókòó sí ìdojúkọ mi. "Ṣé orí ọkùnrin yìí pé ṣá?"

"Tíṣà físíìsì ni, ní iléèwé àwọn obìnrin," ló ní. "Awòràwọ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń pè é. Tún iná rẹ̀ ṣe fún un, kó o gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ká ní ó rọrùn bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sán gangan ni mo gbé àkàbà lọ síbẹ̀. Òpó náà wà níwájú ilé alájà kan. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló wà nísàlẹ̀, Tíṣà ń gbé lókè. Kí n tó fi ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkàbà kìíní, ọkùnrin gíga kan, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹfun ìkọ̀wé kún apá rẹ̀, ti sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín di àkàbà mú."

"Àkàbà mi kì í ṣubú."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọwọ́ mi má baà ṣòfo ni."

Mo gòkè. Gílóòbù ò jó, wáyà ò já. Ohun kékeré kan wà lórí irú iná bẹ́ẹ̀ tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní ojú; òun ló máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, á sì jẹ́ kí iná tàn. Mo fi aṣọ dúdú bò ó, iná tàn gbòò. Mo ṣí i, iná kú. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

"Tíṣà, iná yín ò bàjẹ́."

"Kò tàn lálẹ́ àná."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ̀wé sí alága pé ẹ ò fẹ́ iná? Kí ló wá kàn yín bó bá tàn tàbí kò tàn?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Mi ò sọ pé mi ò fẹ́ iná. Mo ní kẹ́ ẹ bò wọ́n lórí ni. Ilẹ̀ ló yẹ kí iná máa tàn sí, ẹ̀yin ń tàn án sójú ọ̀run. Ta ló ń rìn lókè yẹn tẹ́ ẹ̀ ń tànmọ́lẹ̀ fún?"

"Àwọn áńgẹ́lì," mo ní.

Ó bú sẹ́rìn-ín, àkàbà mì, mo kígbe mọ́ ọn pé ṣé ó fẹ́ pa mí ni. Ó ń tọrọ àforíjì, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ìbínú palẹ̀ mọ́. Ìgbà tí mo délé, tí ìyá mi bi mí pé ta ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rín wà lẹ́nu mi.

Láàárín oṣù mẹ́ta, fọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án ló dé lórí òpó kẹtàdínlógún yẹn. Bí mo bá débẹ̀, á ti dúró sísàlẹ̀ dè mí, màá yẹ iná wò, iná á dá ṣáṣá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé irọ́ ló ń pa. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé kì í ṣe irọ́, nítorí bó bá jẹ́ irọ́, ó ní láti jẹ́ pé ojú mi ló fẹ́ rí.

Àǹtí Télọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ló pè mí lọ́jọ́ kan. Obìnrin ńlá ni, tí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀.

"Àbúrò mi, wọlé wá wọn aṣọ."

"Àǹtí, mi ò gbé aṣọ wá o."

"Ta ló béèrè aṣọ? Wọlé, jàre." Ó tilẹ̀kùn. "Ọkùnrin òkè yìí, lọ́jọ́ tó bá kọ fọ́ọ̀mù, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbá ẹnu ọ̀nà kó o tó dé. Ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ fún un, kò sì mọ̀ pé ẹfun ti kún ara rẹ̀."

"Ṣé òun ló rán yín?"

"Kò rán mi. Ara mi ni mo rán. Bí mo bá ń dúró kí ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀, hóró eyín á ti tán lẹ́nu yín. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó máa wà lórí òrùlé níbi tó ti ń ka ìràwọ̀. Mo ti sọ fún un pé o fẹ́ wá wò ó."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ó ní, ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ pé ohun tó sọ fún Tíṣà ni pé èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé mo fẹ́ wá.

Mo lọ ṣá. Òrùlé pẹrẹsẹ ni, àga oníke méjì wà níbẹ̀, kò sí awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀run, ìwé ilé ẹ̀kọ́ lásán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Ó ní kí n fi ọwọ́ bo ojú mi, kí n kẹ̀yìn sí òpópónà, kí n sì mú sùúrù, nítorí ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé iná kó tó lè rí nǹkan. A jókòó bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀. Irú ọkùnrin wo ló ń pe obìnrin wá kó wá bo ojú? Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ogún ìṣẹ́jú náà tán.

Nígbà tí mo ṣí ojú, mo nawọ́ sí ìràwọ̀ tó tóbi jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá. "Àgùàlà nìyẹn. Màmá mi máa ń sọ pé ajá òṣùpá ni."

"Àgùàlà ń bóṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni," ó ní. "Kì í ṣe ajá ẹnì kankan. Ọ̀nà wọn ló pàdé."

Ó fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Apá kan náà lójú ọ̀run, níbi tí ìràwọ̀ mẹ́ta ti tò léra wọn, ló máa ń kà láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Láti èbúté àwọn apẹja, lẹ́yìn ìlú: mẹ́tàlélógójì. Láti iléèwé rẹ̀: mọ́kànlá. Láti orí òrùlé yìí: mẹ́fà. Láti àdúgbò wa, níbi tí iná tí bàbá mi gbé kalẹ̀ fún káńsù ti pọ̀ jù: mẹ́ta péré. Ó ń dun ọkùnrin yìí, mo rí i pé ó ń dùn ún. Ó ní ìyá òun àgbà máa ń fi wọ́n sọ àsìkò. Ní báyìí, òun ní láti yà wọ́n sórí pátákó fún àwọn ọmọ bíi pé ẹranko tó ti run ni wọ́n.

"Tíṣà, kí ló dé tó o fi ń fi ẹjọ́ iná yẹn sùn?" Mi ò mọ ìgbà tí mo fi "ẹ" sílẹ̀. "Ìwọ tó yẹ kó o máa jó tí iná bá kú."

"Àwọn obìnrin iléeṣẹ́ ẹja inú agolo ń gba ibẹ̀ lọ sílé tí wọ́n bá ṣíwọ́. Kò yẹ kí wọ́n máa táràrà." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Àti pé o máa ń wá."

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Ti àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ wà. Tìrẹ bẹ̀rẹ̀ láti fọ́ọ̀mù kejì."

Ẹ gbọ́ ìdáhùn! Ṣé irú ìyẹn lèèyàn ń sọ fún obìnrin lórí òrùlé? Mo bínú, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tí màá tẹ̀ lé nínú méjèèjì. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ sílé, mo sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì mọ bàbá mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ iná ní káńsù kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá Iná ni gbogbo ìlú ṣì ń pè é. Òpó mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún tó wà ní òpópónà etíkun, òun ló gbẹ́ ihò wọn. Lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ìyá mi ń bọ̀ láti iléeṣẹ́ ẹja lálẹ́, ojú ọ̀nà ṣókùnkùn, ọkọ̀ kan sì gbá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò nà mọ́ láti ọjọ́ náà. Bàbá mi kọ̀wé, ó bẹ̀bẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà alága káńsù títí wọ́n fi fún un ní iná. Ibi tí ìyá mi ṣubú sí gan-an ló ri òpó kìíní mọ́.

Ọkùnrin tó kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta lórí iná yìí ni mo wá sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ràn.

"Awòràwọ̀?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà láyé, ẹni tó ń gbàdúrà kí ilẹ̀ ṣú lo rí?"

"Ó ní kí wọ́n bò wọ́n lórí ni, bàbá. Kò ní kí wọ́n pa wọ́n."

"Báwo ni òpó rẹ̀ ṣe ń kú láìbàjẹ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òun ló ń fọwọ́ kàn án. Ó ń pa á lálẹ́, ó ń kọ fọ́ọ̀mù láàárọ̀, kí ọmọ Ọ̀gá Iná lè máa wá. Bó bá ti fẹ́ ọ tán, ta ló máa dá a dúró ní káńsù? Ìwọ?"

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá mi wọ inú mi lọ, ó jókòó síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Tíṣà bá rẹ́rìn-ín sí mi, mo ń béèrè lọ́wọ́ ara mi pé èmi ló ń rí àbí káńsù. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tún ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ǹjẹ́ méjèèjì lè gbé inú ènìyàn kan?

Ní oṣù keje tí a mọra, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá sílé wa láti wá tọrọ mi. A jókòó sí pálọ̀, ìyá mi gbé tíì wá, ó ń tiro, kò jẹ́ kí n gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sọ nípa ẹbí wọn, ó sọ pé àbúrò òun lè gbàgbé oúnjẹ ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ènìyàn. Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá yíjú sí Tíṣà.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Bí mo bá ní kó o mú ọmọ mi, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà kankan mọ́ lórí iná títí o ó fi kú. Tàbí kí n lọ bá wọn ní káńsù lọ́la, kí n rí i pé wọ́n bo gbogbo iná náà, ṣùgbọ́n kó o gbàgbé ọmọ mi. Èwo lo mú?"

Tíṣà la ẹnu. Ó tún pa á dé.

Mo ń dúró. Ṣé ìbéèrè tó le nìyẹn? Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ìyá mi ń wo ife rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gún un ní ìgbúnwọ́. "Dá wọn lóhùn, ìwọ náà!"

"Bàbá," ó sọ níkẹyìn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n rò ó."

Bàbá mi kò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Ó kàn wò mí bí ẹni pé ó ń bá mi kẹ́dùn. "Ọmọ mi," ó ní, "o ti gbọ́ báyìí."

Mo gbọ́. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ orí. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìta, tó ń bú u títí wọ́n fi dé ìkóríta. Ó kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mẹta nípasẹ̀ Àǹtí Télọ̀. Mi ò ṣí ọ̀kan. Mo sunkún débi pé mo gba ìsinmi ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, èmi tí mi ò gba ìsinmi rí.

"Àbúrò mi, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná," ni Àǹtí Télọ̀ wí. "Ó fẹ́ ṣàlàyé."

"Kó ṣàlàyé fún ìràwọ̀, Àǹtí."

Oṣù mẹ́rin kọjá. Ohun tó tún wá dà mí lọ́kàn rú ni pé fọ́ọ̀mù kò dáwọ́ dúró. Mo ti bẹ ọ̀gá mi kó máa rán ẹlòmíì lọ, Tíṣà sì mọ̀ pé mi ò ní wá mọ́, síbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni: "Òpó kẹtàdínlógún. Kò tàn lálẹ́ àná." Bó bá jẹ́ nítorí mi ló ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ló dé tó tún ń kọ ọ́? Bí kì í bá ṣe nítorí mi, ṣé irọ́ ni ohun tó sọ nípa fọ́ọ̀mù kejì? Ẹni tí wọ́n ń rán lọ á padà dé, á ní kò sóhun tó ṣe iná náà.

Ọ̀gá mi ju fọ́ọ̀mù kẹrìnlélógún sórí tábìlì mi. "Ìwọ ni ọmọ Ọ̀gá Iná. Lọ wá òpin sí ọ̀rọ̀ yìí."

Mo jókòó, mo ń wo fọ́ọ̀mù náà, ojú sì tì mí lójijì. Ẹ wò ó, aago mẹ́rin ni káńsù ń ṣíwọ́. Iná òpópónà ni iṣẹ́ wa, ọ̀sán la sì ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú gbogbo àwa tá a gun òpó yẹn, kò sí ẹnì kan tó tíì wò ó rí ní àkókò tó yẹ kó máa tàn; èmi tí mo wà lórí òrùlé lálẹ́ pàápàá, mo kẹ̀yìn sí i ni, mi ò sì gbójú sókè wò ó nígbà tí mo ń lọ.

Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mo dúró sí òdìkejì ọ̀nà kí ẹni tó wà lókè má baà rí mi. Ilẹ̀ ṣú, òpó kẹtàdínlógún sì tàn bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tàn kedere. Mo ti ń sọ nínú ọkàn mi pé bàbá mi ló jàre. Nígbà tó di aago méje, òtẹ́ẹ̀lì tuntun tó wà lẹ́yìn mi tan iná ńlá mẹ́rin tó fi ń dárà sára ògiri rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kọjú sókè, ìtànṣán ọ̀kan sì ré kọjá títì lọ bá òpó kẹtàdínlógún lórí. Ìṣẹ́jú kan. Méjì. Iná òpó náà kú.

Ojú orí òpó náà rò pé ilẹ̀ ti mọ́ ni.

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Tíṣà ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn obìnrin mẹ́rin láti iléeṣẹ́ ẹja gba abẹ́ òpó náà kọjá, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú kí wọ́n má baà kọsẹ̀.

Ìyá mi nìkan ló wà nílé nígbà tí mo dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. "Ìmọ́lẹ̀ ló pa á, màmá. Ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù ló jẹ́ kó ṣókùnkùn."

Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Èmi náà," ó ní.

"Ẹ̀yin náà kí ni?"

"Kì í ṣe òkùnkùn ló gbá mi, ọmọ mi. Ojú ọ̀nà yẹn, mo lè dijú rìn ín. Ọkọ̀ yẹn ló tan iná ńlá rẹ̀ sí mi lójú, mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi mọ́, ibi tí mo ti ń yà fún un ni mo bọ́ sí iwájú rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún bàbá?"

"Kó tó di pé mo lè jókòó, tí mo lè sọ̀rọ̀, bàbá rẹ ti wà lórí òpó. Ó ń sunkún, ó ń fa wáyà. Wọ́n ní kò jẹun. Kí n wá sọ fún un pé kó sọ̀ kalẹ̀?" Ó di ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún un. Mo bẹ̀ ọ́."

Mi ò sùn. Ohun tí màá fi borí bàbá mi ti wà lẹ́nu mi, kò sì sí ọ̀nà tí màá gbà lò ó tí kò ní fọ́ nǹkan.

Ní òwúrọ̀, mo gbé ojú iná kan wá sórí tábìlì, irú èyí tó wà lórí òpó kẹtàdínlógún. Mo so ó mọ́ gílóòbù kékeré, mo bò ó láṣọ, gílóòbù tàn. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lé bàbá mi lọ́wọ́, mo sì sọ ohun tí mo rí fún un. Ó yẹ aṣọ náà díẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Gílóòbù kú. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí oníṣẹ́ ni.

"Òtẹ́ẹ̀lì yẹn," ó ní jẹ́ẹ́. "Ọmọkùnrin yẹn ò fọwọ́ kàn án."

"Kò fọwọ́ kàn án, bàbá."

"Mo gbà. Mo ṣì í." Ó gbé tọ́ọ̀ṣì náà dání, kò pa á. "Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè, kò lè dáhùn. Ẹni tó fẹ́ ọ tọkàntọkàn kò ní rò ó."

Ọ̀rọ̀ ìyá mi dé orí ahọ́n mi. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbé e mì.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín. Ká ní mo sọ pé: ẹ pa gbogbo iná etíkun, láti òpó kìíní dé ìkẹyìn, tàbí kẹ́ ẹ má rí mi mọ́. Èwo lẹ mú?"

Bàbá mi la ẹnu. Ó tún pa á dé.

Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí ìyá mi ti ń tiro bọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì. Ó wò mí. Mo dúró, mo dúró, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó jáde. Kò sí ọjọ́ kan láyé mi tí mo ṣiyèméjì pé bàbá mi fẹ́ràn mi. Mi ò ṣiyèméjì ní àárọ̀ yẹn pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá mi lóhùn.

"Ìbéèrè ìkà ni," ló sọ níkẹyìn.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi í, bàbá."

Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Ó nu ojú rẹ̀ bí ẹni pé eruku wọ̀ ọ́. "Lọ pè é wá," ó ní.

Mo bá a ní kíláàsì lákòókò ìsinmi ọ̀sán, ó ń nu pátákó. Ó rí mi, ó sì di ìnupátákó mú bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ.

"Ẹ káàsán, Tíṣà." Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo "ẹ". "Òpó yín ti yé mi. Ohun kan ló kù. Kí lẹ̀ ń rò lọ́jọ́ yẹn?"

"O ò ka lẹ́tà mi?"

"Mi ò kà á. Sọ ọ́ lẹ́nu."

Ó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́, àga kékeré tí orúnkún rẹ̀ kò gbà. "Kí bàbá tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè, ẹsẹ̀ màmá ni wọ́n sì ń wò. Mo wá rí i pé wọn ò dán mi wò rárá. Wọ́n ń bẹ̀ mí ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yára dá ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lóhùn. Bí mo bá sì ní mi ò ní kọ lẹ́tà mọ́, irọ́ ni. Mo máa kọ ọ́. Mi ò lè fi irọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ṣé ó yé ẹ?"

"Kò yé mi," mo ní. "Bó o ṣe ń ronú kò tíì yé mi, mi ò sì rò pé ó máa yé mi láéláé. Ṣùgbọ́n mo máa fẹ́ ẹ."

Agogo iléèwé lù, àwọn ọmọ rọ́ wọlé, ó sì ń wá ẹfun ìkọ̀wé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé wa ní ọjọ́ Sátidé, bàbá mi ti tẹ́ àwòrán àtijọ́ ti òpópónà etíkun sórí tábìlì, èyí tí gbogbo òpó inú rẹ̀ ní nọ́ńbà. "Jókòó," ó ní. "Mi ò tíì sọ pé mo gbà o. Fi ohun tó ò ń pè ní bíbò hàn mí."

Òpó tó kẹ́yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá sẹ́yìn. Bàbá mi ní iwájú iléeṣẹ́ ẹja kò gbọdọ̀ dín; Tíṣà ní kó má dín, kí wọ́n ṣáà bò ó lórí, gbogbo ìmọ́lẹ̀ á wá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin náà, á tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá mi ní irọ́ ni. Wọ́n ṣírò ó. Bàbá mi fi pẹ́ńsù sàmì sí i láìsọ̀rọ̀. Tíì tutù. Wọ́n pariwo lé ara wọn lórí nítorí òpó tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta.

"Ṣé ọmọ mi ló wá fẹ́ ni àbí òpó?" ìyá mi bi mí létí.

"Màmá, ẹ má bi mí."

Wọ́n dé òpó kìíní. Bàbá mi gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. "Èyí, rárá."

"Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún un, bàbá," ni Tíṣà wí.

Ìyá mi dìde, ó tiro dé ẹ̀gbẹ́ àga bàbá mi. "Ẹ bo òun náà."

Bàbá mi yíjú sí i. "Ìwọ? Ibẹ̀ gan-an ni..."

"Mo mọ ibẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ?" Ó mú pẹ́ńsù náà, ó fi í sí ọwọ́ bàbá mi, ó sì di ọwọ́ náà mú pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti tó, Ọ̀gá Iná. Mo ti ríran."

Mi ò lè wo ojú wọn. Mo gbọ́ pẹ́ńsù náà lórí ìwé, ó lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró. Bàbá mi ká àwòrán náà jọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́, ó wá kọjú sí Tíṣà.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bínú yẹn," ó ní, "ọjọ́ wo ló máa ráyè láti tún wá?"